Onífọ́tò Tó Bu Omi Sẹ́nu

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹnu Alápàárá onífọ́tò ṣe tó, ẹ bi àwọn adìyẹ àdúgbò rẹ̀ léèrè. Bó bá bú sẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù, adìyẹ òpópónà kẹta á yé ẹyin láìròtẹ́lẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ya fọ́tò, ẹnu yẹn ló sì ń bá a ṣe ìdajì iṣẹ́. Agbowó-orí tí kò rẹ́rìn-ín rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, bó bá jókòó síwájú Alápàárá, eyín méjìlélọ́gbọ̀n á yọ síta, èyí tó ti ká pàápàá á fẹ́ padà wá wò ó. "Ọ̀gá, ẹ gbójú sókè! Ẹ ṣe bí ẹni tó jogún ilé alájà méje tí kò sì ní ẹ̀gbọ́n!" Kẹ̀ẹ́! Fọ́tò ti wọlé.

Àmọ́ ayé ti yí. Gbogbo ènìyàn ló ní kámẹ́rà lápò, ọmọ ọwọ́ gan-an ti ń ya ara rẹ̀. Aláǹtakùn ti kọ́ ààfin sórí àga oníbàárà. Alápàárá ò lè jókòó. Á nu gíláàsì kámẹ́rà, á yọjú sí títì, á tún padà wá nu gíláàsì tó ti mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin ń wo ara rẹ̀ níbẹ̀ kó tó ròde. Fídíò ló kù, ó sọ fún ara rẹ̀. Bí òun ò bá wọ iṣẹ́ fídíò lọ́dún yìí, òun á di ẹni tí ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà fún àwọn tí kò ní ibi tí wọ́n ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ bá màdáámù tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Màdáámù ń wá ẹni tí yóò ya fídíò oníṣẹ́ ọwọ́ méjìlá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa wò ó kọ́ṣẹ́. Ó ní kó kọ́kọ́ ya ọ̀kan wá kí òun wò: bàbá káfíńtà kan tó ń kan àpótí ìjókòó, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré.

Alápàárá yà á, ó sì gbé e lọ tìyangàn-tìyangàn. Màdáámù tàn án lórí kọ̀ǹpútà. Bàbá káfíńtà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó na ayùn sókè bí ẹni gba ife-ẹ̀yẹ, ó ń yọ eyín sí kámẹ́rà, kò sì gé igi kankan. Ohùn Alápàárá ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta: "Bàbá, ẹ yí síbí! Ẹ rẹ́rìn-ín sí igi yẹn, àfẹ́sọ́nà yín ni!"

Màdáámù pa fídíò náà. "Ọ̀gá onífọ́tò, káfíńtà ni mo ní kẹ́ ẹ fi hàn mí. Ẹ̀yin ni mo gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ta ló máa fi èyí kan ìṣó kan?"

"Màdáámù, àwàdà ló máa ń jẹ́ kí wọ́n..."

"Ó di ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá dáa lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti rí ẹlòmíràn."

Nílé, ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ilẹ̀kùn mú. "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin kẹ̀? Kẹ́ ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta? Ojú oorun gan-an, ẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ tún ń dá ara yín lóhùn."

"Ìyá Ìbejì, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ yìí ò gbọdọ̀ bọ́."

"Ẹ bu omi sẹ́nu nígbà náà. Ẹni tó bu iyẹ̀fun sẹ́nu kì í fọn fèrè. Omi náà á ṣe é."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Alápàárá gbé kámẹ́rà lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé káfíńtà, ó gbé máìkì kékeré sórí tábìlì iṣẹ́, ó bu omi sẹ́nu, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá tòun ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé eyín ló ń dùn ọ́ ni?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì?"

Ó tún mi orí.

Bàbá na ayùn sókè, ó yọ eyín, ó ń dúró de àwàdà. Àwàdà ò dé. Ẹ̀rín náà rọ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀. Ó wúkọ́, ó wo òrùlé, ó sì kọjú sí igi rẹ̀.

Ha, ojú Alápàárá rí nǹkan lọ́jọ́ náà! Ọ̀rọ̀ ń hó nínú ikùn rẹ̀, ìka ẹsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń jó nínú bàtà. Bàbá gbẹ́ ihò sábẹ́ ìjókòó, ó gé ẹsẹ̀ tí yóò wọ inú rẹ̀. Ó tì í wọnú rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ń mì bí eyín àgbà. Ó ti gé e kéré jù! Ibi tí Alápàárá máa ń ké gbàjarè nìyí: "Ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ká tún un bẹ̀rẹ̀!" Ẹnu rẹ̀ ṣí, omi kán sí àgbọ̀n. Ó pa á dé.

Bàbá ti gbàgbé pé ènìyàn wà níbẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n," ó ń bá igi wí, "o rò pé o mú mi? Olórí kunkun bí ìyá ìyàwó mi."

Omi fẹ́ gba imú Alápàárá jáde. Ó gbé e mì gbìì, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, ṣùgbọ́n kò dún. Bàbá fi ayùn la orí ẹsẹ̀ náà díẹ̀ láàárín, ó bẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí èékánná, ó ki igi náà bọ ojú ibi tó là. "Má gbá a dópin o," ó ń sọ fún ara rẹ̀. " Jẹ́ kí ìdí ihò fúnra rẹ̀ tì í wọlé." Ó ki ẹsẹ̀ bọ ihò, ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹta. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà ti mú ẹsẹ̀ wú nínú lọ́hùn-ún. Ó gbá ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn mú, ó gbé gbogbo àpótí sókè, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Kò yọ.

Ìgbà náà ló rí iná pupa ara kámẹ́rà.

"O ò tíì pa á?"

"Rárá, Bàbá."

"Yọ ibẹ̀ yẹn kúrò. Ogójì ọdún, ẹnikẹ́ni ò rí igi tí mo gé ṣì. Ṣé o fẹ́ kí àwọn ọmọdé máa fi mí ṣẹ̀sín ni?"

Láìsí ibẹ̀ yẹn, Alápàárá kò ní nǹkan kan tó máa gbé lọ fún màdáámù. Ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ dídùn tò sórí ahọ́n rẹ̀, èyí tó fi ń tan ènìyàn láti ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sọ ọ̀kan. Ó yí ojú kámẹ́rà sí Bàbá, ó tan àwòrán náà, ó sì fà sẹ́yìn.

Bàbá wò ó. Ó ní kó tún un tàn. Ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀lé ọwọ́ inú àwòrán.

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́," ó ní jẹ́jẹ́, "báyìí ló ṣe ń di ayùn mú. N ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ti di tiẹ̀." Ó fọwọ́ nu eruku igi lára ayùn. "Fi sílẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó mi, yọ ìyẹn. Ó ṣì wà láyé, ó sì ní fóònù."

Lọ́jọ́ Ẹtì, màdáámù wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Kò rẹ́rìn-ín rárá. "Ó ku mọ́kànlá," ó ní. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Obìnrin wẹ́dà kan tó ń jó irin pọ̀ ló kàn, ẹnu tiẹ̀ ju tiyín lọ."

Ó yẹ kí Alápàárá máa jó délé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, orí ìkúnlẹ̀ ló bá a, ó ń wọ́ páálí jáde lábẹ́ ibùsùn, fọ́tò ọdún mọ́kàndínlógún.

"Bàbá Ìbejì, ṣé wọn ò gbà á ni?"

"Wọ́n gbà á."

"Kí lẹ wá ń tú ilé kiri fún? Kí lẹ ń wá?"

"Ẹnì kan tí kò rẹ́rìn-ín, tí mo yà bó ṣe wà gan-an."

Obìnrin náà wò ó lójú, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀ tì í. Páálí àkọ́kọ́: eyín. Páálí kejì: eyín, eyín, ìyàwó tuntun, ọ̀gá ọlọ́pàá, arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ, eyín gbogbo wọn funfun báláú. Alápàárá fa páálí kẹta.