Gínì Funfun Létí Kòtò

Àlájì Àbdùlrásàq ló gbẹ́ kòtò náà. Ẹ jẹ́ ká tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọ̀rọ̀ pamọ́. Ó gbẹ́ ẹ dábùú ọ̀nà níwájú ilé rẹ̀ ní àdúgbò Talladjé, kí omi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lè ráyè ṣàn lọ. Ní Niamey lórílẹ̀-èdè Niger níbẹ̀, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé bí ewu bá wà lójú títì, ẹ̀ka igi tútù ni wọ́n ń tò síbẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i. Àlájì ò rí ẹ̀ka igi kankan já.

Gàfárù, ọkọ Ràhámọ̀tù, ló kó sí i, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí eruku bo gbogbo ọ̀nà. Ó di ẹrù aṣọ sẹ́yìn alùpùpù, ó rọra ń bọ̀ láti àdúgbò Zongo, ó dé akoto. Akoto yẹn ló gba orí rẹ̀ là. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kán sí ọ̀nà méjì.

Èyí tó wá dun Ràhámọ̀tù ju ẹsẹ̀ lọ ni pé Àlájì ń sọ káàkiri pé eré àsápajúdé ni Gàfárù ń sá. Ràhámọ̀tù gbẹ́jọ́ lọ bá Bàbá Àbdùlmàlíkì, àgbà àwọn Yorùbá ní Zongo. Bàbá ní kó fi sílẹ̀ f'Ọ́lọ́run, àmúwá Rẹ̀ ni. Àmúwá Ọlọ́run kẹ̀! Ṣé Ọlọ́run ló di ṣọ́bìrì mú ni? Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ràhámọ̀tù búra pé Àlájì á fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé.

Ẹ wá wo ojú líle o. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, Àlájì yìí kan náà gbé gínì funfun wá fún un. Aránṣọ ni Ràhámọ̀tù, kò sì sẹ́ni tó mọ agbádá rán bíi tirẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá nílùú náà. Wọ́n fẹ́ fi Àlájì jẹ alága ẹgbẹ́ wọn lọ́jọ́ Sátidé.

"Ràhámọ̀tù, rán an kó dùn ún wò o. Mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn rí i."

"Wọ́n á rí i, Àlájì."

Ó ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ dùn bó ti ń ya á tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Láàárọ̀ Sátidé, ó ri igi mọ́lẹ̀ yí kòtò ká, ó so gínì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèyàn ti ń rí i láti òkèèrè.

Bàbá Àbdùlmàlíkì àtàwọn àgbà ti dé láti wá mú Àlájì lọ nígbà tó ṣílẹ̀kùn.

"Yéè! Gínì mi! Obìnrin yìí, ta ló ní kí o so aṣọ mi mọ́bí?"

"Aṣọ ti lólúwa, Àlájì. Kòtò ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni alùpùpù kan ti yọ, ọkùnrin ló ń wà á, ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó rí funfun yẹn, ó tẹ bíréèkì, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ó ń dúpẹ́ ní Zarma bó ti ń lọ: "Fofo! Fofo!"

Bàbá Àbdùlmàlíkì fojú tẹ̀lé ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n yẹn títí wọ́n fi lọ. Ó yíjú sí Àlájì.

"Àbdùlrásàq, ta ló gbẹ́ ẹ?"

"Èmi ni."

"Ṣé Gàfárù ń sáré?"

"Kò sáré, Bàbá. Èmi ni mi ò sàmì sí i."

Àwọn àgbà ní kò sí oyè jíjẹ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ràhámọ̀tù na ṣọ́bìrì sí Àlájì, ó sì dúró tì í nínú oòrùn títí kòtò fi dí. Òógùn bo Àlájì. Ó wólẹ̀ lórí erùpẹ̀ náà.

"Ràhámọ̀tù, dákun, dárí jì mí."

"Ẹsẹ̀ tèmi kọ́ ló kán. Gàfárù wà nílé, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn lọ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní méjì."