Vasuva Mẹ́rin Tí Bàbá Kitione Tò

Kitione kò jalè, kò sì purọ́. Ó kàn dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ ni, ó wá pe ìdákẹ́ náà ní ọ̀wọ̀. Àbámọ̀ rẹ̀ kò tíì tán títí dòní.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ọkọ̀ kó àwọn àlejò lọ sórí òkìtì iyùn tó wà níwájú abúlé wọn ní Vavaʻu, erékùṣù kan ní Tonga. Wọ́n á de awò mọ́jú, wọ́n á ki ọ̀pá ìmí bọ ẹnu, wọ́n á dojú délẹ̀ lórí omi, wọ́n á máa wo vasuva mẹ́rin. Ẹran òkun bí ìgbín ni vasuva, àmọ́ ìkarahun méjì ló ní. Èyí tó bá dàgbà nínú wọn tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, ẹran ẹnu rẹ̀ sì dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ láró. Bàbá Kitione ló wá wọn rí lọ́kọ̀ọ̀kan, tó tò wọ́n yípo kí wọ́n lè súnmọ́ ara wọn, torí èyí tó bá dá wà kò lè bímọ. Kó tó kú, ohun kan ṣoṣo ló bẹ ọmọ rẹ̀: kí ọ̀bẹ má kàn wọ́n.

Àfi ìgbà tí Àǹtí Meliame, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, dé láti Auckland lókè òkun lẹ́yìn ogún ọdún. Ní Tonga, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti já ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin kulẹ̀? Bí ẹní ilé rẹ bá wù ú, kíká ni wàá ká a fún un.

"Kitione, vasuva ń wù mí jẹ."

"Ẹ máa rí i, Àǹtí."

"Má gbé ọmọ jòjòló wá o. Eyín tó kù lẹ́nu mi ò pọ̀, jẹ́ kí n fi í jayé."

Luseane, ìyàwó Kitione, gbọ́ ọ. "Lọ sọ fún wọn," ló wí.

"Kí n lọ sọ pé rárá fún Àǹtí? Kí làwọn èèyàn máa wí ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ta ló ní kó o sọ pé rárá? Ìtàn ẹ̀ ni kó o sọ fún wọn."

Kò sọ ọ́. Ọkùnrin burúkú! Bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn àlejò inú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ wọ omi, ó gé mẹ́ta tó tóbi jù. Àǹtí jẹ ọ̀kan, ó pín ìyókù fún pásítọ̀ àtàwọn ará ilé kejì.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Àǹtí ní kó gbé òun lọ wo ohun táwọn òyìnbó ń wò. Kitione wá àwáwí títí, kò rí. Obìnrin náà de awò, ó dojú bomi. Ó pẹ́ kó tó gbórí sókè.

"Ta ló tò wọ́n síbẹ̀?"

"Bàbá mi ni."

"Ẹyọ kan ni mo rí. Ojú ibi táwọn mẹ́ta wà ṣì wà nínú yanrìn."

Kitione bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn ọkọ̀.

"Àbúrò mi tò ó, o wá jẹ́ kí n jẹ ẹ́?"

"Àǹtí, mi ò lè kọ̀ fún yín."

"Ká ní o sọ fún mi, ẹran inú agolo ni ǹ bá jẹ, ǹ bá sì sùn. O rò pé tí mo bá tiẹ̀ gbọ́, màá ṣì jẹ ẹ́. Irú èèyàn tó o rò pé mo jẹ́ nìyẹn."

Ohun tó rò nìyẹn lóòótọ́.

Àǹtí kò bá a jà. Ó ṣì ń kí i, ó ń bá a rẹ́rìn-ín, ó ń béèrè àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n kò tún tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ nílé Kitione, á rọra dìde, á lọ mu omi nílé tó dé sí.