Kọ̀ǹpútà Ni Yóò Sọ Ẹni Tó Dàgbà

Láti ọjọ́ tí olórí ẹgbẹ́ wọn ti kú ní Ọ̀kà ni Nathaniel Dáramọ́lá ti ń wo àga tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ bí ológbò ṣe ń wo ẹja lórí àjà. Nínú ẹgbẹ́ náà, wọn kì í dìbò, wọn kì í sì í du ipò. Ẹni tó bá dàgbà jù ló ń jókòó sórí àga, ẹni tó bá kéré jù ló ń bu ẹmu fún gbogbo ilé. Abọ́dẹrìn, tí wọ́n bí ní 1950, ti ń bu ẹmu láti ogójì ọdún, ẹ̀yìn sì ti ń dùn ún. Ti ẹmu kò ní wàhálà. Ti àga ló ní, nítorí Nathaniel ní òun lòun dàgbà jù, Pius Akíndèjì ní òun ni, kò sì sí ìyá ẹnikẹ́ni nínú wọn láyé mọ́ tí yóò là wọ́n.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o, Nathaniel kò purọ́ lórí èyí. Ọdún 1946 ni wọ́n bí i lóòótọ́, ọdún méjì gbáko ṣáájú Pius. Ẹnu rẹ̀ ló kàn máa ń yá jù.

Níbi ìpàdé oṣù náà, ó dìde, ó tún fìlà ṣe. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sinmi ariwo. Ní 1993, èmi ni mo tẹ orúkọ gbogbo wa sínú kọ̀ǹpútà mi, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí kálukú. Ikán ti jẹ ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ikán kì í jẹ kọ̀ǹpútà. Màá tún un ṣe. Ohun tó bá sọ, abẹ gé e."

Ó rò pé Pius yóò fárígá. Pius kàn rẹ́rìn-ín, ó ní òun fara mọ́ ọn. Ó yẹ kí ẹ̀rín yẹn kọ Nathaniel lóminú, ṣùgbọ́n ẹni tí àga ń wọ̀ lójú kì í ráyè wo eyín ẹlòmíràn.

Abẹ́ ibùsùn ni kọ̀ǹpútà náà wà. Nígbà tí Nathaniel ń ṣe akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, òun ló fi ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó fún àwọn ará àdúgbò lẹ́yìn iṣẹ́. Ojú ẹ̀rọ náà nìkan wúwo bí odó. Nathaniel fi aṣọ wé e, ó gbé e sórí itan lórí ọ̀kadà, ó di Ìkàrẹ́. Akínlọ́lá, akọ̀wé ẹgbẹ́, gbé àpótí ẹ̀rọ náà tẹ̀ lé e lórí ọ̀kadà kejì, nítorí ẹgbẹ́ ti ní kó máa ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má baà bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà.

Safinat, obìnrin tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ọjà, wo ẹrù náà títí.

"Bàbá, ó dàgbà jù mí lọ, sà."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Nathaniel wí. "Àgbà náà là ń wá."

Nígbà tó ṣí àpótí náà, ẹyin alángbá mẹ́ta ló kọ́kọ́ kó jáde. Bátìrì kékeré tó wà nínú rẹ̀ ti kú, ó sì ti da omi aláwọ̀ ewé sára irin. Safinat fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sípíríìtì ha á. Ó yọ àwọn káàdì inú rẹ̀, ó fi írésà nu eyín bàbà wọn bí ọmọ iléèwé tó ṣi ìṣirò kọ. Ó yọ ibi tí iná ń gbà wọlé lára òkú kọ̀ǹpútà mìíràn, ó fi rọ́pò ti èyí tó ti jóná. Ọjọ́ mẹ́ta ni Nathaniel àti Akínlọ́lá fi ń ti Ọ̀kà lọ, tí wọ́n ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ tàn, àfi díìsìkì tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ ni kò yí. Safinat gbé e sọ́wọ́, ó fi ọrùn ọwọ́ yí i lójijì, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nathaniel kò mọ ìgbà tí omi yọ lójú òun. Ìró yẹn gan-an ni Ìbíyínká, aya rẹ̀ tó ti dolóògbé, máa ń tìtorí rẹ̀ bá a jà pé kò jẹ́ kí òun sùn. Àárò rẹ̀ sọ ọ́ gidi.

Ọ̀rọ̀ hàn lójú ẹ̀rọ. Akínlọ́lá tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1980 la wà. Ẹ̀rọ tí kò mọ òní, ṣé ó lè mọ ọjọ́ tí wọ́n bí yín?"

Ara Nathaniel gbóná. "Aago rẹ̀ ló kú, inú rẹ̀ ò kú. Ohun tí wọ́n bá ti kọ sínú ẹ̀, bó ṣe wà náà nìyẹn. Safinat, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà. Bátìrì aago ló fà á. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò lè yí ara ẹ̀ padà."

"Akínlọ́lá, kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn gẹ́lẹ́. Màá fọwọ́ sí i."

Akínlọ́lá kọ ọ́. Nathaniel fọwọ́ sí i, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Safinat bi í bóyá kò fẹ́ kọ́kọ́ wo orúkọ náà ná. Ó kọ̀ jálẹ̀, kí wọ́n má baà ní òun fọwọ́ kàn án.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wọ́n pé jọ sí àgbàlá Pius ní Ọ̀kà. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbé àga sáàárín. Nathaniel ti dúró sí tòsí rẹ̀ kí ó má baà rin ìrìn jíjìn. Safinat, tó bá wọn gbé kọ̀ǹpútà wá, bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ inú rẹ̀.

"Pius Akíndèjì, 1948. Akínlọ́lá Ọlọ́runfẹ́mi, 1949. Abọ́dẹrìn Ajáyí, 1950."

Ó ka àwọn yòókù, kò sí ẹni tó kéré sí Abọ́dẹrìn nínú wọn, ó wá dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Nathaniel Dáramọ́lá, 1953."

"Tún un kà," ni Nathaniel wí.

Ó tún un kà. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ padà wá sí i lọ́kàn. Ọdún tó ń tẹ̀ ẹ́ yẹn ni ìjọba ní àwọn yóò yẹ ọjọ́ orí àwọn òṣìṣẹ́ wò. Ó sì ti gé ọdún méje kúrò lára tirẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ẹ̀rù bà á kí ìwé ẹgbẹ́ má lọ tú u fó, ló bá tẹ ọjọ́ orí ìjọba síbẹ̀ náà. Ó fi ọdún méje yẹn ṣiṣẹ́ sí i, ó gbádùn rẹ̀, ó sì gbàgbé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Tirẹ̀ tiẹ̀ lo lé ní ọgbọ̀n.

"Ẹ̀rọ yìí ò mọ nǹkan kan," ló wí. "Ṣé ẹ ò rí i pé ó ní 1980 la wà?"

Akínlọ́lá wọ awò ojú, ó ṣí ìwé ẹgbẹ́. "'Aago rẹ̀ ló kú, inú rẹ̀ ò kú.' Ẹ wo ìbuwọ́lùwé yín, ẹ̀gbọ́n. Àbí kí n kọ ọ́ síbí pé ẹ parọ́ ọjọ́ orí fún ìjọba? Naomi ọmọ mi tó wà ní ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì l'Ákùúrẹ́ máa ń ka ìwé yìí tó bá wálé. Ó fẹ́ràn ẹ̀."

Bírò rẹ̀ ti wà lórí ìwé. Nathaniel wo àga náà, ó fajú ro.

"1953 ni," ló wí kẹ́lẹ́.

Pius wá rọra dìde. "Nathaniel, mo jókòó tì ẹ́ lọ́jọ́ tó o tẹ̀ ẹ́. O ní kí n gé tèmi náà kù. Mo ní ìyá mi ṣì wà láyé." Ó jókòó sórí àga náà, ó sì na ẹsẹ̀.

Abọ́dẹrìn ti dé pẹ̀lú akèrègbè. Ó kàn gbé e lé Nathaniel lọ́wọ́, ó lọ jókòó, ó sì fẹ̀yìn tì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogójì ọdún.

Akínlọ́lá na ife rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń pe Nathaniel ní ẹ̀gbọ́n, kò pè é lórúkọ rí. "Nathaniel," ló wí, "tètè ṣe é. Òǹgbẹ ń gbẹ àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ."

Nathaniel, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, lóṣòó níwájú àga, ó da ẹmu sínú ife Pius, ó kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó sì ta sí Pius lẹ́sẹ̀.

"Má ṣèyọnu," ni Pius wí. "Tó o bá dàgbà, wàá mọ̀ ọ́n bù."