Ọ̀bẹ Orí Ọ̀pá Perrenette

Ọwọ́ òsì ni. Ọwọ́ òsì ni Guyon aṣèédú fi àkísà wé, gbogbo abúlé ló rí i... Àbí iná kì í jó aṣèédú lọ́wọ́? Rárá. Mi ò ní ro ìyẹn. Guyon ló di ìkookò, òun ló pa ọmọ mi.

Adájọ́ á dé lọ́sàn-án yìí. Màá dúró níwájú rẹ̀, màá ní Perrenette ọmọ mi gún ìkookò náà lẹ́sẹ̀ iwájú kó tó pa á. Ọmọ wo ló ń da màlúù níhìn-ín tí kò so ọ̀bẹ mọ́ orí ọ̀pá rẹ̀? Ibi tí a bá sì ti gún ìkookò, ibẹ̀ ni egbò ti í hàn lára ẹni tó para dà. Ta ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Kí iná tí wọ́n máa fi sun ún máa jó o díẹ̀díẹ̀. Kó má tètè kú. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Kó ké, kí n gbọ́ ọ, torí mi ò gbọ́ igbe ọmọ mi...

Láti ojú fèrèsé àhámọ́ ló ti ń bẹ̀ mí lánàá. "Ìyá Perrenette, ṣebí èmi ni mo gbé e wálé fún yín." Ó gbé e wálé lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wà láyà rẹ̀, ó ń sunkún — ẹkún ẹ̀tàn.

Jeanne aládùúgbò ní kí n jẹun, kí ohùn mi lè já gaara. Mò ń gé búrẹ́dì. Ó ti lé lóṣù kan tí a ti yan án, ó le bí igi, ọ̀bẹ ilé ò ràn án mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi —

Ọ̀bẹ wo ló wà lọ́wọ́ mi yìí?

Okùn ṣì wà léèkù rẹ̀. Kókó méjì, bí Perrenette ṣe máa ń ta á.

"Màámi, ọ̀bẹ mi dà?" Ohun tó bi mí láàárọ̀ ọjọ́ tó kú nìyẹn.

Mo ní, "Máa lọ, màá mú un wá bá ẹ. Ṣé ọ̀sán gangan ni ìkookò á wá ni?"

Igi lásán ló wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Kò gún nǹkan kan. Kò ní ohun tó lè fi gún un... Mo sì mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan jóná, kó má baà ku èmi nìkan pẹ̀lú ọ̀bẹ yìí.

Jeanne ń kanlẹ̀kùn. Ó ní adájọ́ ti jókòó, èmi ni wọ́n ń dúró dè.

Mò ń tú okùn náà, kí Jeanne má baà mọ̀ pé ọ̀bẹ Perrenette ni. Kò tú. Ọmọ mi mọ okùn ta.