Àwọ̀ Pupa Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Jàmíù ti ń tún rédíò ṣe ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìjàgbó, lábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lójú títì. Bí ó bá ti rí àwọn ẹgbẹ́ atúnrédíòṣe lókèèrè, yóò da aṣọ bo irinṣẹ́, yóò ṣe bí ẹni tó kàn ń gba atẹ́gùn. Kò ṣe fírídọ́ọ̀mù. Ọ̀gá kò gbàdúrà lé e lórí, kò fún un níwèé ẹ̀rí, ẹni tí kò bá sì ní ìwé yẹn, ẹgbẹ́ lè kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ nígbàkígbà. Habeeb sì ni alága ẹgbẹ́. Habeeb yìí kan náà ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, òun ló jẹ́ kí ọ̀gá lé e.

Nítorí náà, nígbà tí Asiata, ọmọ ọ̀gá, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tòun ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, Jàmíù fa aṣọ bo irinṣẹ́. Ó mọ ẹ̀rọ náà. Funfun ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jobì.

"Bọ̀ọ̀dá Jàmíù, ẹ má wò mí bí ẹni tó rí ọlọ́pàá," Asiata ní. "Ogójì ọjọ́ Bàbá ku ọjọ́ márùn-ún. Ohùn wọn wà nínú nǹkan yìí. Wọ́n gbàdúrà fún gbogbo wa sínú ẹ̀ kó tó yadi."

"Gbé e lọ bá alága."

"Mo ti gbé e débẹ̀. Wọ́n ní káàdì ohùn inú ẹ̀ ti jó látọjọ́ tí ẹ ti bà á jẹ́. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, àwọn á bá mi dà á nù." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo wá rò ó pé ẹni tí wọ́n ní ó ba nǹkan jẹ́, ó yẹ kó mọ ibi tó ti bàjẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà ta á bí ata. Ṣùgbọ́n kí ló kan alága nínú àti da ẹ̀rọ olóògbé nù? Ìyẹn ló jẹ́ kí ó gbà á.

Ó kọ́kọ́ yẹ sípíkà wò, ó kì í bọ fóònù rẹ̀, sípíkà sọ̀rọ̀. Ó yẹ wáyà wò, wáyà dára. Ó yí bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n fi ń mú ohùn lọ sókè lẹ́yìn káàdì náà, ó yí i títí, kẹ́kẹ́ pa. Ó wá ku kí ó tú u.

Kí ó tó tú u, ó wo síkúrù mẹ́rin tó wà lẹ́yìn. Àwọ̀ ewé ló wà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òfin ọ̀gá ni: ọmọ iṣẹ́ tó bá de síkúrù, kí ó fi kútẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ kùn ún lórí, kí ọ̀gá lè mọ ẹni tí yóò bi léèrè. Asiata ló ń fún wọn ní kútẹ́ẹ̀sì náà nígbà tó wà lọ́mọge. Àwọ̀ ewé ni ti Jàmíù, pupa ni ti Habeeb. Jàmíù nu eruku inú kọ̀ǹpútà yìí lọ́jọ́ kan, ó dé e, ẹ̀rọ náà sì ń sọ̀rọ̀ geerege. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó yadi. Habeeb ní káàdì ti jó. Ọ̀gá, tó mọ rédíò ju kọ̀ǹpútà lọ, wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí àwọ̀ ewé, ó ní kí Jàmíù máa lọ.

Jàmíù tú u. Síkúrù kan ṣoṣo ló di káàdì ohùn mú nínú níbẹ̀, òun kò fọwọ́ kàn án rí láyé òun, kò sì sí àwọ̀ kankan lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí òun nu eruku.

Pupa ni.

Ó wo ọ̀nà lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, bí ẹni tó jí nǹkan. Ó tún wò ó. Pupa náà ni. Habeeb ti tú u lóru, ó mú ìgò àwọ̀ ewé Jàmíù, ó fi kun ìta, kí wọ́n lè mú Jàmíù. Ṣùgbọ́n nínú, níbi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́. Ọwọ́ tí nǹkan ti mọ́ lára kì í bi ọkàn léèrè.

Káàdì náà kò sì jó. Ìdérí kékeré dúdú kan wà lára rẹ̀ tó ń yan nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà yóò máa fi pè é. Ẹnìkan ti yọ ọ́, ó ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kọ̀ǹpútà ń kan ilẹ̀kùn ilé, onílé ti kó lọ sí àdúgbò mìíràn.

Jàmíù fi orí irin kan ìdérí náà. Ìṣẹ́jú kan péré ni yóò gbà á láti dá a padà. Ó tún fa ọwọ́ sẹ́yìn. Bí òun bá tún un ṣe níbí, Habeeb á ní, ẹ ò rí i, ó mọ ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Rárá. Ẹni tó ti fara da ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí ni ọjọ́ márùn-ún?

Ó dé ẹ̀rọ náà padà, ó pe Asiata. "Sọ fún alága pé ó ti sú mi. Sọ pé mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n wá bá mi wò ó níbi àdúrà, lójú ẹgbẹ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó mú fóònù láàárín ọjọ́ márùn-ún náà láti sọ pé ara òun kò yá. Kò pè.

Lọ́jọ́ àdúrà, àwọn àfáà parí, wọ́n jẹun, ẹgbẹ́ pé yí tábìlì tí kọ̀ǹpútà náà wà lórí rẹ̀ ká. Habeeb ká apá agbádá lé èjìká.

"Jàmíù, ó tún kọ̀ ẹ́? Ẹ̀rọ tó bá ti kú lọ́wọ́ ẹ, ó ku ẹni tí yóò kírun sí i lára."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Jàmíù náà rẹ́rìn-ín, ó na irin ìtúsíkúrù sí i. "Òótọ́ ni, Alága. Ẹ bá wa tú u. Ọwọ́ mi ò mọ́."

Kò sí bí alága ṣe lè kọ̀. Ó tú mẹ́rin ẹ̀yìn, ó ṣí i. Asiata tan iná fóònù sí i. Ọwọ́ Habeeb dúró lójú kan.

"Kí ló dé?" Asiata bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Kútẹ́ẹ̀sì mi nìyí. Pupa tí mo fún yín, Bọ̀ọ̀dá Habeeb."

Bàbá Jacob, àgbà ẹgbẹ́ tó ti gba fírídọ́ọ̀mù kí àwọn méjèèjì tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, gbé awò ojú wọ̀. "Ewé níta, pupa nínú. Habeeb, nígbà wo lo wọ ibẹ̀?"

"Ó ti pẹ́, Bàbá. Mi ò rántí."

"Èmi rántí, òru ọjọ́ tí mo dé e ni," Jàmíù ní. Ó yọ ìdérí dúdú náà, ó fi sí ibi tó yẹ, ó tan ẹ̀rọ, ó tẹ ibi tí ohùn ọ̀gá wà.

Ọ̀gá wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, ó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Asiata fi ìborùn bojú. Jàmíù kò sunkún. Ojú Habeeb ló ń wò, ó ń wo bí òógùn ṣe ń gba etí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú agbádá.

Nígbà tí ohùn náà dákẹ́, Bàbá Jacob ní, "Jàmíù, ọ̀la, wá gba ìwé ẹ. Habeeb ni yóò fọwọ́ sí i, lójú mi."

Jàmíù dúpẹ́, kò kánjú. Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó gba fóònù lọ́wọ́ Asiata, ó fi lé Habeeb lọ́wọ́. Ó fi irin họ pupa náà kúrò lórí síkúrù. Ó wá ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì kan jáde, àwọ̀ ewé, tuntun. Ó ti rà á láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Tan iná sí i dáadáa, Habeeb," ó ní. Kò pè é ní alága. "Má gbé ọwọ́ kúrò. Ó dìgbà tó bá gbẹ."