Àpótí Kẹtàdínláàádọ́ta

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bàbá Wáyà fi tọ́jú nẹ́tíwọ̀kì ilé ìwòsàn náà, kò sì ya àwòrán rẹ̀ rí, ì báà ṣe sẹ́yìn páálí lásán. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n yà, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ọkùnrin náà kàn mọ ohun tó ń ṣe ni. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, tí dókítà kò rí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà mọ́, tí ilé oògùn ń pariwo, tí àwọn tó tò síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì ń kùn bí oyin, òun nìkan ló mọ ibi tí wáyà tó ń ṣe aṣemáṣe gbà. Yóò yọ lókèèrè, yóò máa rìn bọ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, gbogbo ẹnu á sì pa mọ́.

Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà kí wọ́n tó gbé ọ̀gá tuntun dé. Obìnrin ni, kò ju àkọ́bí Bàbá Wáyà lọ, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì mọ èèyàn-án kí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tó dé ló ránṣẹ́ pe bàbá náà sí ọ́fíìsì rẹ̀, tó fún un níjòókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mo fẹ́ rí àwòrán nẹ́tíwọ̀kì wa."

"Kò sí àwòrán, Màdáàmù. Inú orí mi ló wà."

"Tó bá wá rẹ̀ yín ńkọ́?"

"Kì í rẹ̀ mí."

Màdáàmù rẹ́rìn-ín, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí i. Ó ní òun ti ra ètò kan tó jẹ́ pé fúnra rẹ̀ ló ń ya àwòrán. Yóò wọ inú nẹ́tíwọ̀kì, yóò kanlẹ̀kùn àpótí kìíní nínú àwọn àpótí tó ń pín ìsọfúnni, yóò bi í pé, kí lorúkọ rẹ, ta sì ni aládùúgbò rẹ? Bí ìyẹn bá ti dáhùn, yóò kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò, yóò tún béèrè. Bí yóò ṣe máa ṣe é nìyẹn títí yóò fi yí gbogbo agbo ká. Láàárín wákàtí méjì, gbogbo àpótí àti gbogbo ìlà tó so wọ́n pọ̀ á ti yọ sójú kọ̀ǹpútà.

"Tí àwòrán yẹn bá ti pé," Màdáàmù ní, "iléeṣẹ́ kan wà níta tó lè máa bá wa bójú tó nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ̀yin náà á lè lọ sinmi. Mo ti ní kí wọ́n bá mi kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì yín sílẹ̀. Ẹ ti ṣiṣẹ́ gan-an, Bàbá."

Ó ṣì ku ọdún mẹ́ta gbáko tó yẹ kí bàbá náà lò lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Wáyà dúpẹ́, nítorí wọ́n ti fún un níjòókòó, ó sì jáde. Kó tó dé ìdí àtẹ̀gùn, ó ti sọ ètò náà ní Olófòófó.

Nílé, ó rò ó fún ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń jẹun. Ìyàwó gbọ́ ọ tán.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò kúkú bá wọn yà á fúnra yín? Ẹni tó bá yà á ni wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Kí n fọwọ́ ara mi lé ara mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́? Gbọ́, bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn dé."

"Ṣebí àkísà yẹn gan-an ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kó dànù," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje kò tíì lù tí Bàbá Wáyà fi wà nídìí kọ̀ǹpútà ní yàrá rẹ̀, yàrá tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn, tí òórùn ọṣẹ kì í kúrò níbẹ̀. Àpótí mẹ́tàdínláàádọ́ta ló ń pín ìsọfúnni káàkiri ilé ìwòsàn náà. Òmíràn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òmíràn wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, òmíràn wà lókè àjà, iná wínníwínní ń ṣẹ́jú lára wọn tọ̀sán-tòru. Bàbá Wáyà jókòó sójú kan, ó ń wọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ ọmọ pé bí àlejò bá kanlẹ̀kùn, kó ní dádì ò sí nílé. Kò ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ìsọfúnni ń gba ara wọn kọjá bó ṣe ń kọjá tẹ́lẹ̀, wọn kàn kò gbọdọ̀ dá Olófòófó lóhùn ni. Ó fi mọ́kànlá sílẹ̀ kí ó má baà dà bíi pé ẹnì kan mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì kìlọ̀ fún àwọn yẹn pé wọn kò gbọdọ̀ dárúkọ aládùúgbò kankan tó yàtọ̀ sí ara wọn. Nígbà tó fi máa kan èyí tó kẹ́yìn, orin ti wà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń yá ju ojú rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n tú Olófòófó sílẹ̀. Èrò Bàbá Wáyà ni pé bí Màdáàmù bá ti rí àpótí mọ́kànlá péré, á bú sẹ́rìn-ín, á dá ètò náà padà fún àwọn tó tà á, á sì ya lẹ́tà yẹn. Ó tilẹ̀ ti múra ojú àánú tí yóò fi wò ó sílẹ̀.

Màdáàmù wo àwòrán náà pẹ́.

"Bàbá, gbogbo rẹ̀ náà rèé?"

"Ohun tí ẹ̀rọ rí nìyẹn, Màdáàmù."

"Mọ́kànlá! Wọ́n ní lọ́dọọdún lẹ máa ń kọ̀wé pé iṣẹ́ fẹ́ pa yín, kí wọ́n fún yín lẹ́ni tí á máa ràn yín lọ́wọ́. Ṣé àpótí mọ́kànlá yìí náà ló fẹ́ pa yín?"

Láràárọ̀ ni obìnrin yìí ń gba abẹ́ àwọn àpótí yòókù kọjá, tó ń rí iná wọn. Kò sọ sí i lọ́kàn rí pé èèyàn tó kàwé lè gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ.

"Àwọn tó ń ṣẹ́jú lára ògiri káàkiri yẹn wá ńkọ́?" Màdáàmù tún ní. "Wọn ò sí nínú àwòrán. A jẹ́ pé wọn ò ṣe nǹkan kan, iná lásán ni wọ́n ń jẹ. Ẹ bá mi tú gbogbo wọn kúrò, kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Bí Bàbá Wáyà bá tú wọn, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ilé oògùn á ti fọ́jú, èsì ẹ̀jẹ̀ á há sọ́nà, dókítà á sì máa fi àbá tọ́jú aláìsàn. Bí kò bá sì tú wọn, ó di dandan kó sọ ohun tó mú kí àpótí tó ń ṣiṣẹ́ yadi lójú ẹ̀rọ. Bí ìyẹn bá sì hàn, lẹ́tà ìfẹ̀yìntì kọ́ ni wọn óò fún un mọ́, wọn óò lé e ni.

"Màdáàmù," ó ní, "àlejò ni ètò yẹn, kò tíì mojú ilé. Ẹ fún un di ọjọ́ Ẹtì ọ̀hún, kẹ́ ẹ tún un rán. Mo mọ̀ pé á rí jù báyìí lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Wáyà ṣe di alágbàwí Olófòófó. Lọ́jọ́rú, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń bẹ àwọn tó ti ní kí wọ́n panu mọ́ pé kí wọ́n dákun sọ̀rọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dáhùn, àfi èyí tó kẹ́yìn. Ó kàn án, ó dákẹ́. Ó tún un kàn, ó dákẹ́. Bàbá Wáyà wá yẹ ohun tó ti tẹ̀ lánàá wò. Fún gbogbo àwọn yòókù, ohun tó kọ ni pé kí wọ́n má dá àlejò lóhùn. Fún èyí, pẹ̀lú orin lẹ́nu, ó ti kọ ọ́ pé kó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ọmọ gidi ni àpótí náà, ó ka bàbá rẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Kò burú. Irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí oníṣẹ́ wáyà. Kí èèyàn lọ bá a níbi tó wà ni, kó tẹ bọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé àkàbà, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì dúró.

Kò mọ ibi tó wà.

Ó kọ́kọ́ rò pé abẹ́ àtẹ̀gùn ni. Ó débẹ̀, òmíràn ló bá. Ó rò pé ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí ni. Kò sí níbẹ̀. Ó gbé àkàbà kiri ní Ọjọ́rú, ó gbé e kiri ní Ọjọ́bọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lókè. Nọ́ọ̀sì kan bi í pé, "Bàbá, kí lẹ̀ ń wá?" ó ní òun ò wá nǹkan kan, òun kàn ń yẹ ilé wò ni. Ẹ̀rù ń bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù Màdáàmù, kì í sì í ṣe ẹ̀rù lẹ́tà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé àpótí yìí síbi tó wà, kò sì rántí ògiri, kò rántí ọjọ́, kò rántí nǹkan kan. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìyàwó rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n tún tú Olófòófó sílẹ̀. Àpótí mẹ́rìndínláàádọ́ta ló kó wá. Màdáàmù pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wò ó! Ọjọ́ mẹ́ta péré! Ohun tí ẹ̀yin fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́, ọjọ́ mẹ́ta ló fi mọ̀ ọ́n!"

"Ó gbọ́n," ni Bàbá Wáyà wí.

"Ẹyọ kan ló kù." Màdáàmù fi ìka tọ́ka sí àpótí òfìfo kan tí àmì ìbéèrè wà láàárín rẹ̀. Àpótí ilé oògùn ló ròyìn rẹ̀ pé nǹkan kan wà lójú ihò wáyà mi kẹrìnlá, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. "Èyí ta ẹ̀rọ yọ. Ẹ̀yin mọ ibi tó wà?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Irọ́ náà ti jáde kó tó mọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó nígbà náà."

Bàbá Wáyà yọjú wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ihò kẹrìnlá, ilé oògùn, ó sì gbé àkàbà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó dé ilé oògùn, ó ka ihò dé orí ìkẹrìnlá, ó di wáyà ibẹ̀ mú, kò sì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Wáyà náà gba inú àjà lọ. Ó ń gun àkàbà, ó ń ṣí páálí àjà, ó ń tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sún àkàbà síwájú. Màdáàmù ń tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, ó rò pé ó kàn ń yẹ ìlera wáyà wò bí wọ́n ṣe ń lọ ni. Wọ́n rìn títí dé yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti korobá sí. Bàbá Wáyà ti páálí àjà ibẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iná wínníwínní sì ṣẹ́jú sí i.

Bébà kan wà lára àpótí náà. Ó nu eruku ojú rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni, kò sí àní-àní: "Ẹ bi Bàbá Wáyà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án." Ọjọ́ tó kọ ọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Kò tíì pé ọdún méjì.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé òun ni?" Màdáàmù bi í láti ìsàlẹ̀.

"Òun ni."

"Bàbá! Ẹ̀rọ ò mọ ibi tó wà, ẹ̀yin lọ bá a tààrà! Mi ò ní purọ́ fún yín, lẹ́tà yín wà lórí tábìlì mi, òní ni mo fẹ́ buwọ́ lù ú. Mi ò buwọ́ lù ú mọ́. Irú orí báyìí, ta ló máa jẹ́ kó lọ?"

Ohun tí ó ti ń wá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà nìyí. Lórí àkàbà níbẹ̀, ojú tì í débi pé ó di etí àjà náà mú. Ó lanu láti sọ òótọ́. Ó wá rántí ọdún mẹ́ta tó kù.

"Ẹ ṣeun, Màdáàmù," ó ní. Ó sì tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn àpótí náà.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ní ẹ̀bẹ̀ kékeré kan, kí wọ́n bá òun tẹ àwòrán yẹn jáde sórí bébà.

"Kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe?" Màdáàmù bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì bá a rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fún un lọ́sàn-án. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì, ó sì mú bírò. Ó kọ ibi tí àpótí kẹtàdínláàádọ́ta wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: òkè àjà yàrá ìgbálẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíní. Ìkíní, abẹ́ àtẹ̀gùn ńlá. Ìkejì, ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ìkẹta, ìkẹrin, ọwọ́ rẹ̀ ń yá. Nígbà tó dé orí ìkẹsàn-án, bírò náà dúró. Ó dúró títí kọfí tí ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fi tutù.

Ó ká bébà náà sí mẹ́rin, ó fi í sápò àyà, ó sì gbé àkàbà.