Àtàǹpàkò Àwọn Tó Ń Ṣiṣẹ́

Èmi ni mo sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ìka. Mo fẹ́ kí ìyẹn ṣáájú ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ, torí àwọn ará àdúgbò wa ti bá Ọnárébù wí, wọ́n ti bá àjọ ìdìbò wí, wọ́n tilẹ̀ bá òjò wí, kò sì sí ẹni tó bá mi wí.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní òpin òpópónà wa, yàrá mẹ́ta àti gbọ̀ngàn kan, níbi tí àwọn aboyún ti máa ń bímọ. Ọdún tí a dìbò fún Ọnárébù ló tì í pa, ó ní òun fẹ́ tún un ṣe. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Àpò sìmẹ́ńtì tí ó ń tà ló kún àwọn yàrá náà dé àjà. Bí ó bá wà níbẹ̀, Ọnárébù ni a ń pè é. Bí ó bá ti yí ẹ̀yìn padà, ó di Sìmẹ́ńtì.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó àbúrò mi rọbí. Káfíńtà ni àbúrò mi. Wọ́n gbé obìnrin náà kọjá níwájú ilẹ̀kùn tí a tì pa yẹn, wọ́n forí lé ilé ìwòsàn ńlá tí ó jìnnà tó wákàtí kan àbọ̀. Kò dé ibẹ̀ láàyè. Ọmọ inú rẹ̀ náà kò yè. Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ gba òkú wọn, akọ̀wé kan na ìwé sí i pé kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n kọ. Akọ̀wé náà ti páàdì yíǹkì sí iwájú rẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí, bàbá. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ nu ọwọ́ yín sára ògiri."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó sì nu ún sára ògiri, níbi tí ìka ọgọ́rùn-ún èèyàn ti dúdú sí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka ìwé ní ilé ìtẹ̀wé, tí mo ń wá àṣìṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkọ nínú yàrá ẹ̀yìn ilé mi, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ìyá Alágbàfọ̀ wà níbẹ̀, Bíríkìlà wà níbẹ̀, àwọn tó ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn tí a sin ìyàwó rẹ̀, àbúrò mi wọlé, ó jókòó sórí àga tó gbẹ́ fún mi fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ mi ní orúkọ mi. Orúkọ mi nìkan. N kò tún ní tẹ ìka fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé mi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló gbà á. Bí ẹni di ṣísẹ́lì mú ló ṣe ń di pẹ́ńsù mú, ó sì fi ṣẹ́ mẹ́fà. Mo ní kí ó máa lo èyí tó ṣẹ́ náà títí yóò fi tán.

Èmi ni mo rí òfin náà. Ó ní bí iye tó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kan bá fọwọ́ sí ìwé láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, wọ́n lè pe aṣojú wọn padà sílé kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lè dán an wò títí àsìkò náà yóò fi parí. Ẹgbẹ̀jìlá ni orúkọ tó wà nínú ìwé wọ́ọ̀dù wa. A nílò ẹgbẹ̀fà ó lé ẹyọ kan.

"Ta ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìwòsàn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀?" àbúrò mi bi mí.

"Òun nìkan ni."

"Tí ó bá lọ ńkọ́?"

"Yóò dá a padà, torí ti ìjọba ni."

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Òfin náà tún sọ pé ohun tí olùdìbò bá fi sórí ìwé gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ mu. Mo ka gbólóhùn yẹn nígbà mẹ́ta. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni mo sì fi túmọ̀ rẹ̀. Mo gba ẹ̀dà orúkọ gbogbo wọ́ọ̀dù, mo fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì yẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan wò lẹ́tà lẹ́tà kí àṣìṣe má bàa wà. Àṣìṣe kankan kò sí. Kò wá sí mi lọ́kàn láti bèèrè ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, nígbà tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ "a" yàtọ̀ sí "b".

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi ni a tẹ́ tábìlì sí. Òun ló kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀. Bíríkìlà na àtàǹpàkò síta, ó ń wá yíǹkì. Mo gbá a lọ́wọ́.

"Kí ni mò ń kọ́ yín látọdún yìí wá? Kọ orúkọ rẹ."

Ó kọ ọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ tẹ̀ lé e, ó pẹ́ lórí tábìlì títí tí ìlà àwọn tó dúró fi gùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà.

"Ìyá, ṣé lẹ́tà lẹ ń kọ sílé ni?" Bíríkìlà bi í.

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Ìwọ tí tìẹ wọ́ bí ògiri tó o mọ."

"Ògiri mi ò tíì wó rí!"

"Àwọn tó wà nínú ilé ló ń fi ẹ̀yìn tì í."

Gbogbo ìlà náà bú sẹ́rìn-ín. N kò gbàgbé ọjọ́ yẹn. Nígbà tí a fi máa parí, a ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbèje. Mo di ìwé náà pọ̀ pẹ̀lú okùn, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì àjọ ìdìbò, mo sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n gbà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni èsì dé. Wọ́n yọ ọgọ́sàn-án sọnù. Ìdí: ìka ló wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, orúkọ ni wọ́n sì kọ sí ti ìsinsìnyí. Gbogbo kíláàsì mi wà nínú rẹ̀, títí kan àwọn tó ti kọ́ tiwọn lọ́dọ̀ mi kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ó wá ku mọ́kànlélọ́gọ́rin kí ó tó pé. Àwọn tí a yọ lè wá fúnra wọn láti tẹ ìka láàárín ọjọ́ méje sí ọjọ́ tí a kọ lẹ́tà náà. Márùn-ún ti lọ nínú rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Mo lọ láti ilé dé ilé. N kò bẹ ẹnikẹ́ni, mo sọ àṣìṣe mi fún wọn, mo sì sọ àdírẹ́sì ọ́fíìsì. Àbúrò mi ń fá igi nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti búra."

"Ta lo búra fún?"

"Ara mi ni."

"Sọ fún ara rẹ kó tú ọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yìí."

Àádóje èèyàn wá láàárín ọjọ́ méjì náà. Ọ̀pọ̀ wọn pa iṣẹ́ òòjọ́ tì. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló jókòó nídìí tábìlì, pẹ̀lú páàdì yíǹkì, ìwé ìforúkọsílẹ̀, àti dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ìyá Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin.

"Ìyá, kò sí ìlà kankan nínú ìka yín. Ó ń dán bí abọ́."

"Ogójì ọdún ni mo fi fọ aṣọ. Ṣé ọṣẹ mọ ìlà ọwọ́ yàtọ̀ sí ìdọ̀tí ni?"

Mo sún mọ́ tábìlì. "Ọ̀gá, ẹ fún un ní bírò kó kọ orúkọ rẹ̀ lójú yín."

"Mà, ìka ló wà nínú ìwé tèmi."

"Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ wọ́n dáadáa." Ó fi ọwọ́ kan kọ́là ọrùn rẹ̀. "Àwọn ló fọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí. Ẹni tó bá kàn."

Bíríkìlà kàn. Ọ̀dọ́kùnrin náà wo ìka rẹ̀ tì.

"Sìmẹ́ńtì ti jẹ ẹ́ tán."

"Sìmẹ́ńtì wo?" ẹnì kan bèèrè láti ẹ̀yìn. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dún bí ti iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Àwọn tó ń fọ abọ́ kò yege. Àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù kò yege. Ẹ̀ṣọ́ ilé ìfowópamọ́ yege. Ọkùnrin kan tí wọ́n fi àga arọ tì wọlé, tí kò ṣe iṣẹ́ kankan láti ọdún mẹ́wàá, yege ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀dọ́kùnrin náà sì yìn ín.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni àbúrò mi wọlé, òun ló kẹ́yìn. Kò wo ojú mi. Ó ki ìka bọ yíǹkì, ó sì tẹ̀ ẹ́. Pépà tí a fi ń dán igi ti fá ìka náà kúnná, ojú ọgbẹ́ ṣísẹ́lì sì gba àárín rẹ̀ kọjá.

"Kò bára mu, bàbá. Ẹ má bínú." Ọ̀dọ́kùnrin náà fẹ́ pa ìwé dé, ṣùgbọ́n ó dúró, ó fi dígí sórí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kan náà ni tọkọtaya náà forúkọ sílẹ̀. "Ta ni ẹni tó wà lábẹ́ yín yìí?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ẹ wò ó! Tirẹ̀ ló mọ́ jù lójú ìwé yìí, gbogbo ìlà rẹ̀ ló pé. Kí ló dé tí ẹ ò mú un dání? Kò tiẹ̀ sí lára àwọn tó fọwọ́ sí i."

Mo dìde. Àbúrò mi na ọwọ́ sí mi pé kí n jókòó. Ó tọrọ dígí náà. Ó tẹ̀ ba lórí ìwé yẹn, ó wo ìka ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó nà ró, ó wá ibi tí yóò nu ọwọ́ sí. Ògiri wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò nu ún sí i. Ó gbé yíǹkì náà lọ sílé lọ́wọ́ rẹ̀.

Mẹ́tàdínláàádọ́rin ló yege. Ó ku mẹ́rìnlá. Ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn náà ṣì wà ní títì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọnárébù fi pátákó ìkọ̀wé tuntun kan ránṣẹ́ sí kíláàsì mi, ó ní kí n kọ́ wọn dáadáa. Mo ní kí ẹni tó gbé e wá gbé e padà.

Mo ṣe ìṣirò kan lẹ́yìn náà. Ó kéré tán, ọgọ́ta òkú ló wà nínú orúkọ wọ́ọ̀dù wa. Wọ́n kà wọ́n mọ́ àwọn olùdìbò, wọn kò sì lè fọwọ́ sí nǹkan kan, nítorí náà ẹ̀yìn Ọnárébù ni gbogbo wọn wà. Ká ní a ti yọ wọ́n ṣáájú ni, iye tí a ní ì bá ti tó, ì bá sì ṣẹ́ kù. Mo gba fọ́ọ̀mù tí a fi ń yọ òkú kúrò, mo mú ọ̀kan lọ fún àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Kọ orúkọ ìyàwó rẹ síbí. Bí o kò bá yọ ọ́, wọn yóò máa kà á mọ́ àwọn tó fẹ́ kí Sìmẹ́ńtì dúró."

Ó ka orúkọ fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó tì í padà sí mi.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Nínú ilé wa, ìka tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣì mọ̀."

Ó padà sídìí igi rẹ̀. Kò wá sí kíláàsì mọ́. Mo gé fọ́ọ̀mù náà sí mẹ́rin, torí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, mo sì pín in fún àwọn tó ń kọ́ orúkọ wọn.